Ẹnu Òkúta Elégédé

Ẹ̀gbọ́n mi Tokuji kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí gígùn mọ́. Ihò èédú tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ọ̀pá rọ́bà ló fi ń mí. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ rí kó tó kú, ìyẹn ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkúta elégédé.

Òkúta elégédé ni àwa ará ìlú Mikasa ń pè é, torí ó rí roboto, ó sì ní ìlà lára. Ẹran òkun ni tẹ́lẹ̀, ìbátan ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, kó tó kú run, tó di òkúta.

Tokuji mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. "Yàrá iwájú nìkan ló ń gbé," ló máa ń wí. "Tó bá ti dàgbà, á sún síwájú, á mọ ògiri dí ẹ̀yìn ara ẹ̀. Ó ní ọ̀pá tín-ín-rín tó fi ń fa omi kúrò nínú àwọn yàrá ẹ̀yìn, kó lè léfòó."

"Ẹ̀gbọ́n, ó sàn jù wá lọ," ni mo fi dá a lóhùn. "Ta ló bá àwa fa omi nínú ihò?"

Karawun tí a ń rí sábà máa ń ṣófo, ẹran inú rẹ̀ á ti jẹrà. Àmọ́ ọdún tí Tokuji rìn dé odò kẹ́yìn, ó gbé ọ̀kan bọ̀ tí ẹrẹ̀ ti dí ẹnu rẹ̀ pa. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń jẹun ṣì wà níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí Tíṣà Nishina, tó ń ṣèwádìí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní Sapporo, pé kó wá wò ó, ó sì gbé òkúta náà fún mi.

"Kiyomatsu, nu ẹ̀yìn ẹ̀. Má fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀ o!"

Ní àdúgbò wa, ẹnikẹ́ni kì í gbé elégédé tí ẹnu rẹ̀ dí sínú ilé. Nígbà tí iná sọ nínú ihò, ńṣe ni wọ́n mọ ògiri dí ẹnu rẹ̀ kí iná lè kú, àwọn èèyàn wa ṣì wà nínú. Láti ìgbà náà la ti ń sọ pé ẹnu tó bá dí, èémí ló dí.

Lọ́sẹ̀ tí Tíṣà máa dé, èémí Tokuji bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ̀rù bà mí. Mo mú òòlù, mo gbẹ́ ẹnu òkúta náà mọ́ tónítóní. Nǹkan dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jọ èédú bọ́ jáde. Awakùsà kì í fi ohun dúdú ṣòfò, mo gbá a sínú sítóòfù.

Tíṣà dé, ó yẹ òkúta náà wò, ó kọjú sí mi.

"Bàbá, ta ló gbẹ́ ibí yìí?"

"Èmi ni. Kó lè mí ni."

"Ṣé ẹ ò rí nǹkan dúdú pẹlẹbẹ níbẹ̀? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Mi ò mọ ìgbà tí mo wo sítóòfù. Tokuji náà wò ó. Òun náà kúkú jẹ́ awakùsà. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Òmùgọ̀! Ṣé ó tiẹ̀ jó dáadáa?"

"Ó jó, Ẹ̀gbọ́n. Ó mú ilé gbóná."

Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo kó eérú, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò jó rárá, ńṣe ló fọ́ wẹ́wẹ́. Mi ò fi han ẹnì kankan.

Tokuji kú ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí Tíṣà wá. Ẹnu òkúta náà ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.