Nǹkan Keje Tí Kò Tíì Wọlé

4.

…pé kí ó yọ wáyà náà, kí ó ka ọgbọ̀n, kí ó sì tún un kì bọ ibẹ̀. Aránṣọ náà yọ ọ́. Ó ka ọgbọ̀n. Ó tún un kì bọ ibẹ̀. Iná pupa ara módẹ́ẹ̀mù tuntun náà ṣì ń ṣẹ́jú. Ó ní kí wọ́n tún un ṣàlàyé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lórí fóònù iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tún un ṣàlàyé, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní òǹkà.

Inú bí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú bí i débi pé kò ro ohunkóhun mìíràn nínú ilé títí iná fi di àwọ̀ ewé.


1.

Ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sán. Ilé oníyàrá mẹ́ta. Máṣíìnì ìránṣọ wà ní pálọ̀, aṣọ ilé-ìwé tí wọn ò tíì rán apá wọn kún orí àga. Ní yàrá ẹ̀yìn, Bàbá.

Bàbá ni baba aránṣọ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè, òun ló ń tan iná tó ń sọ fún ọkọ̀ ojú irin pé kó dúró tàbí kó kọjá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ gba ohùn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Láti ìgbà náà, aago kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù lọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́, wáìfáì ilé á gbé ìpè náà, fóònù aránṣọ á sì ké: BÀBÁ Ń PÈ.

Òfin ilé náà kò pọ̀. Láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà, Bàbá ń sùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, torí ẹni tó bá jí i á jẹ ìrọ̀rí lójú. Tó bá fẹ́ nǹkan, á tẹ aago. Bí aago ò bá dún, àlàáfíà ni.


2.

*Ohun tí ọmọ iṣẹ́ wáyà kọ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, kó tó lọ:*

Mọ́mì, mo ti pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù yín ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá fi orúkọ wáìfáì àtijọ́ àti pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ sínú tuntun yìí, gbogbo nǹkan inú ilé á padà wọlé fúnra wọn. Tí ẹ bá yí orúkọ padà, ẹ óò mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má gbàgbé ìkankan.


3.

Àbúrò aránṣọ náà ń gbé ìlú mìíràn. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é nílé láti ọjọ́ tó ti tún fáànù ṣe, tí fáànù náà já lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

ẸNJINÍÀ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má lo orúkọ àtijọ́ o.

ARÁNṢỌ: Kí ló ṣe é?

ẸNJINÍÀ: Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ló ń fi wo bọ́ọ̀lù.

ARÁNṢỌ: Bàbá ló fún un lórúkọ yẹn.

ẸNJINÍÀ: Bàbá ò ní mọ̀.

ARÁNṢỌ: Ó dáa.


5.

Orúkọ àtijọ́: KI-BABA-KI-O-TO-WOLE

Pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́: inatokupupani

Orúkọ tuntun: ILE2


6.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pásíwọ́ọ̀dù yẹn. *Iná tó kú, pupa ni.* Òfin rélùwéè ni. Bí awakọ̀ bá dé ìdí òpó iná, tí iná ò tàn rárá, kò gbọdọ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó dá òun dúró. Ó gbọ́dọ̀ dúró bí ìgbà tí pupa tàn, torí kò mọ ohun tó wà níwájú.

Nígbà tí ohùn Bàbá ṣì wà, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi èyí tì lẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa bá a parí rẹ̀ nídìí oúnjẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Ọ̀rọ̀ àgbà ti sú wọn.


7.

*Àwọn nǹkan tó wọ ILE2 ní Ọjọ́bọ̀:*

Fóònù aránṣọ, 4:02
Tẹlifíṣọ̀n, 4:10
Kọ̀ǹpútà, 4:19
Tábúlẹ́ẹ̀tì tó fi ń wo àrà aṣọ, 4:25
Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, 4:40
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, 4:58, lẹ́yìn ìjà

Mẹ́fà. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Méje ló wà lórí ti àtijọ́.


8.

Ìkìlọ̀ mẹ́tàlélógún ló wọ fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. *Íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti dé. Tẹlifíṣọ̀n ò rí ọ̀nà.* Ó ń fi àtàǹpàkò gbá wọn dànù bí ẹni ń gbá pàǹtí.

Ẹ̀kẹfà nínú wọn:

AAGO BÀBÁ KÒ SÍ LÓRÍ NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ. 3:12.


9.

Ó padà sídìí máṣíìnì mi.

Máṣíìnì rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ.

Ó rán apá aṣọ mẹ́rin. Ilé pa lọ́lọ́. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ fún un. Ó ní oorun Bàbá dùn lónìí, kò pe òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.


10.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbé oúnjẹ lọ.

Bàbá wà nílẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti fèrèsé.


10 (mo tún un kọ).

Aago náà wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọwọ́ kàn bọ́ sí nígbà tó ṣubú.

Ara rẹ̀ ti tutù.


11.

ARÁNṢỌ: Ṣé ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó lọ?

DÓKÍTÀ: Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ó lè jẹ́ wákàtí kan àti ààbọ̀.

ARÁNṢỌ: Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan ńkọ́?

DÓKÍTÀ: Á jẹ́ pé ọkàn ló dáwọ́ dúró. Kò tiẹ̀ ní mọ̀.

ARÁNṢỌ: Tí kì í bá ṣe ọkàn?

DÓKÍTÀ: Mà, ẹ lọ sinmi.


12.

*Láti inú ìwé kékeré tó bá aago náà wá, ojú ewé kẹsàn-án:*

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, aago yín á máa tọ́jú gbogbo ìpè pẹ̀lú àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mọ̀, á fi wọ́n ránṣẹ́.

Bátìrì á lo ọjọ́ mẹ́wàá. Bí bátìrì bá kú, ohun tó wà nípamọ́ á pa rẹ́.


12½.

Orúkọ kan ṣoṣo ni aago náà mọ̀.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án.


13.

Wọ́n ti sin Bàbá. Àwọn aládùúgbò ti wá, wọ́n ti lọ. Ẹni mélòó kan ló rọra béèrè kí ló ṣe wáìfáì.

ẸNJINÍÀ: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ jẹun?

ARÁNṢỌ: Mo fẹ́ dá orúkọ àtijọ́ padà.

ẸNJINÍÀ: Ẹ jọ̀ọ́.

ẸNJINÍÀ: Ẹ jẹ́ kí bátìrì ẹ̀ kú. Dókítà ní ó lè jẹ́ ọkàn. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọkàn ni.

ARÁNṢỌ: Ta lò ń gbà là, èmi àbí ìwọ?

ẸNJINÍÀ: Àwa méjèèjì.


14.

Ó da ojú fóònù dé. Ẹnjiníà ló ní kí wọ́n yí orúkọ padà, òótọ́ ni. Ta ló tẹ̀ ẹ́ wọlé? Ta ló ka ìwé ọmọ iṣẹ́ wáyà, tó sì fi í tẹ́ abẹ́ ife tíì? Ta ló dúpẹ́ pé ilé pa lọ́lọ́? Bí a bá ń pín ẹ̀bi, tirẹ̀ ni yóò kún àwo. Aránṣọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn ún dọ́kàn.

Bí Bàbá ò bá tẹ aago náà rárá, òun á lè sùn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógójì, nígbà tí òun wà ní pálọ̀ tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbọ́ ìpè náà. Bó tilẹ̀ pẹ́.


15.

*Ìpè sí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọbìnrin ọjọ́sí ló tún gbé e.*

ILÉEṢẸ́: Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Ṣé iná pupa ni?

ARÁNṢỌ: Rárá. Gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ dá orúkọ àtijọ́ padà ni.

ILÉEṢẸ́: Tó bá ń ṣiṣẹ́, Mà, ẹ ò bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan tó ti wọlé á tún bọ́ jáde.

ARÁNṢỌ: Kí wọ́n bọ́ jáde.

ILÉEṢẸ́: Kí ló dé, Mà?

ARÁNṢỌ: Ó ku nǹkan kan tí kò tíì wọlé.

ILÉEṢẸ́: Kí ni nǹkan ọ̀hún?

ARÁNṢỌ: Sọ ibi tí mo máa tẹ̀.


16.

Ó gbé aago náà sórí máṣíìnì, lórí aṣọ ọmọ ilé-ìwé kan. Ó tẹ orúkọ náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹlifíṣọ̀n bọ́ jáde. Kọ̀ǹpútà bọ́ jáde. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà dákẹ́.

Iná ara aago náà: kò sí.

Kò sí.

Pupa.

Àwọ̀ ewé.


17.

Fóònù gbọ̀n lórí tábìlì.

AAGO BÀBÁ TI PADÀ WỌLÉ. ÌPÈ TÓ WÀ NÍPAMỌ́, BÓ BÁ WÀ, Ń BỌ̀ LẸ́YÌN ÈYÍ. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ DÚRÓ.


18.

Mo dúró.