Aṣọ Tí Kò Ní Ihò Ọta

Ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ó dá lórí télọ̀ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì.

Aṣọ mẹ́ta ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìwádìí dà sílẹ̀ lórí tábìlì tí télọ̀ ti ń gé aṣọ. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ni wọ́n, irú èyí tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń wọ̀ jagun. Télọ̀ kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n tó fi dá wọn mọ̀. Ta ni kì í mọ ọmọ tó bí? Nínú gbogbo télọ̀ ìlú náà, òun nìkan ló ń fọwọ́ rán ihò bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tó sì máa ń ta òwú rẹ̀ ní kókó méjì.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ aṣọ bíi tiyín, Bàbá," ni akọ̀wé wí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. "Àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógójì tó kú ní abúlé etí odò ni wọ́n bá aṣọ yìí lára wọn. Àwọn ológun ní ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ìyàwó wọn ní àgbẹ̀ ni wọ́n, pé àwọn sójà ló wọ aṣọ fún òkú. Dókítà rí ojú ọta mẹ́ta ní àyà ẹni tó ni eléyìí. Ẹ wò ó, aṣọ kò ní ihò kan ṣoṣo."

"Kí làwọn ológun wá sọ sí i?"

"Wọ́n ní ooru ló mú un, pé ó ṣí bọ́tìnnì sílẹ̀."

Ìyàwó télọ̀, tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn, rẹ́rìn-ín. "Ooru ọ̀hún mà mọ̀ wọ́n o. Ẹni mẹ́rìndínlógójì lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí Bàbá wá jẹ́rìí lọ́la," ni akọ̀wé wí. "Kí ẹ sọ fún wa bóyá wọ́n ti ń wọ aṣọ yìí tẹ́lẹ̀, tàbí tuntun ni."

Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, àwọn ọlọ̀tẹ̀ lúgọ de ọkọ̀ sójà, sójà mọ́kànlá sì kú. Lọ́jọ́ kejì, Kápúténì wọn kó àwọn tó kù jáde. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Àkọ́bí télọ̀ wà nínú wọn. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù láì kí bàbá rẹ̀. Télọ̀ rò pé ọ̀fọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é.

Kò pẹ́ sí i ni Kápúténì wọlé. "Bàbá télọ̀, mo fẹ́ aṣọ bíi ti àwọn ọlọ̀tẹ̀, mẹ́rìndínlógójì, kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ìdánrawò la fẹ́ fi ṣe."

Télọ̀ béèrè ìwọ̀n. Kápúténì ní kò sóhun tí òun fẹ́ fi ìwọ̀n ṣe. Láti ogójì ọdún tí bàbá yìí ti ń ránṣọ, ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ẹni tó wà láàyè a máa fẹ́ kí aṣọ bá òun mu. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sì jókòó ti máṣìnnì.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí akọ̀wé wá, Kápúténì náà yà wá. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ yín di ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Wọ́n ní kí n wá wo aṣọ ni."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yín ńkọ́? Ọmọ gidi ni. Lọ́jọ́ etí odò, òun ni ẹni kẹta tó yìnbọn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wa, tirẹ̀ kò ní gbẹ́yìn." Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó dìde. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tó kù."

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, kí lẹ máa sọ lọ́la?"

"Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀..."

"Ẹ má pa á lówe fún mi. Àwọn mẹ́rìndínlógójì yẹn náà ní ìyá."

Télọ̀ pa fìtílà.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Télọ̀ búra. Ó gbé aṣọ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò ra ihò bọ́tìnnì tó ṣì le gan-an bíi pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n rán an.

"Ihò yìí ti fẹ̀," ló wí. "Aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ tipẹ́ ni."

"Ẹ mọ ọwọ́ ẹni tó rán an?"

"Ọwọ́ àjèjì ni."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ láì gbójú sókè. Lọ́jọ́ kẹrin, ìgbìmọ̀ kéde pé ọlọ̀tẹ̀ ni àwọn òkú, pé ilẹ̀ àwọn ológun tí wọ́n sin wọ́n sí ni wọn yóò wà, ẹbí kankan kò gbọdọ̀ gbé òkú tirẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Opó ọkùnrin tí ọta mẹ́ta wọ̀ láyà ni. Ó kúnlẹ̀ sórí àwọn àgékù aṣọ.

"Mo wá dúpẹ́ ni, Bàbá. Gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí yòókù ló ní ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni kò ní. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi bá a gbé, mo rò pé oko ló ń lọ. Mo ti ṣépè fún àwọn sójà láàárọ̀ lálẹ́. Mo ti kó èpè mi jẹ báyìí. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́."

Télọ̀ la ẹnu. "Dìde, ọmọ mi," nìkan ló jáde.

"Wọ́n ní ọmọ yín náà wà lójú ogun. Ọlọ́run á dá a sí fún yín."

Télọ̀ ṣe àmín.

Ìyàwó télọ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi. Mo ní ṣé kò bẹ̀rù ni? Ó ní ìgbìmọ̀ kò pe òun, òun kò sì bá ẹnikẹ́ni búra pé òun ó dákẹ́.