Ìdánwò Mọ́rúfù

"Ìrísí! Wọ́n ní ìrísí!" Ràṣídátù ti sọ ọ́ jáde kó tó mọ̀ pé òun lanu.

Àtinúkẹ́, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwádìí náà ní yunifásítì, gbé káàdì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a ṣe, mà." Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Mọ́rúfù ọkọ Ràṣídátù ni wọ́n ń dán wò: kó máa to káàdì ní àwọ̀-àwọ̀, bí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́, kó yí i padà, kó máa wo ìrísí. Ṣùgbọ́n ibi àwọ̀ ni Mọ́rúfù wà síbẹ̀, káfíńtà tí gbogbo Òkè-Ìlá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa, tí bẹ́ẹ̀dì tó bẹ̀rẹ̀ tí ò parí sì kún ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀lẹ kọ́, Àtinúkẹ́ ti ṣàlàyé. Ọpọlọ àwọn kan kì í dúró lójú kan, kì í rántí èyí tó kàn, inú wọn sì máa ń ru kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n bí wọn bẹ́ẹ̀ ni. Ràṣídátù ò jiyàn. Orúkọ yòówù kí wọ́n pè é, òun ló ń pa gáàsì tí ọkọ gbàgbé, òun ló ń bẹ oníbàárà tí ọkọ sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé inú eegun. Ìyá rẹ̀ sì ti ń ṣarán ní Ijan, Hafsoh àbúrò rẹ̀ ń pè é ṣáá pé kó wá. Báwo ló ṣe fẹ́ lọ? Ta ni yóò ṣọ́ Mọ́rúfù? Ohun tó wá gbọ́ níbí lónìí nìyẹn, bóyá ó ṣeé fi sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ lọ jókòó síta díẹ̀."

Kò pẹ́ tó jáde tó fi gbọ́ igbe Mọ́rúfù. "Ó ti sú mi! Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ni?" Àga ṣubú gbì. Ràṣídátù di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ọ̀rọ̀ tó fi máa ń tù ú ti wà lẹ́nu rẹ̀: Bàbá Fúàdì, ó tó, ẹ mu omi.

Kó tó ṣílẹ̀kùn, ó gbọ́ tí Mọ́rúfù gbé àga náà dìde. Ohùn ọkọ rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n ṣa káàdì yẹn, ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Ràṣídátù fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò dùn. Ẹ̀rù ló bà á.

Fóònù rẹ̀ dún. Hafsoh ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń bọ̀?"

Ó fẹ́ sọ bó ṣe máa ń sọ ọ́, pé Mọ́rúfù ò ṣeé fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ mọ́.

"Ṣé yèyé ṣì ń dá ẹ mọ̀?" ló bèèrè.

"Rárá o. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́."

Ó ti mọ̀ kó tó bèèrè. Ohun tó ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Mọ́rúfù kọ́ ló ń dá a dúró. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó pè é wọlé.