Bí Ó Bá Dákẹ́, Kò Sí Àléébù

Mo ń bẹ Ọlọ́run kí kóòdù Ràzáàkì ní àléébù. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Ẹni tí wọ́n ń gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í yan àdúrà.

Ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí èbúté Kútọnu. Èmi àti Ràzáàkì la jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń gba ẹrù jáde fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ wọn dé. Kóòdù kan, ìyẹn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, kì í kúrò lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé a fi irinṣẹ́ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Irinṣẹ́ náà kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnì. Èèyàn á ṣí fèrèsé dúdú lójú kọ̀ǹpútà, á tẹ àṣẹ àti orúkọ fáìlì síbẹ̀. Kò ní jẹ́ kí kóòdù ṣiṣẹ́ rárá; á kàn kà á, á sì to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá rí ẹ̀ṣẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Bó bá ti dákẹ́, ó dára nìyẹn.

Ọjọ́ ìkẹyìn Ràzáàkì lọ́dọ̀ wa nìyí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá yege, á lọ sí Ṣakété lọ́sàn-án, wọ́n á so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Màríámù, ọmọ tí ìyá rẹ̀ yàn fún un. Bí kò bá yege, ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ lọ. Èmi tí gbogbo ará Ekpè, àdúgbò wa, ń pè ní ìyàwó Ràzáàkì ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́. Mo fi kún àṣẹ náà pé kó má fojú fo ohunkóhun, kódà ìlà tó bá gùn jù. Ó dákẹ́. Ràzáàkì oníwàdùwàdù, tí irinṣẹ́ yìí máa ń bá wí bí ọmọ ilé kéú! Ọjọ́ tí mo nílò ìwàdùwàdù rẹ̀ ló wá ṣe é pé. Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú.

"Kí ló sọ?" ó bi mí láti ẹnu ọ̀nà. Àpò rẹ̀ ti wà léjìká.

"Kò sọ nǹkan kan."

"Ó dáa nígbà náà."

"Kò dáa! Ràzáàkì, kí ló dé tí o kò kọ̀ fún ìyá rẹ?"

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Hàwáù, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, kí n tó dá màmá lóhùn. O ń fọ abọ́. Mo dúró. Mo tún padà wá lọ́jọ́ kejì, o bu oúnjẹ fún mi, o ò sọ nǹkan kan. Mo ní bó bá ní ohun tí o rí sí i, wàá sọ."

Èmi náà ń dúró ni! Nílé wa ní Pobè, obìnrin kì í bẹ ọkùnrin pé kó fẹ́ òun. Màmá àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

"Ṣé irinṣẹ́ ni mí ni?" mo pariwo. "Ṣé bí mo bá ti dákẹ́, kò sí ohun tó ń dùn mí?"

Àpò bọ́ léjìká rẹ̀. Ó fọwọ́ bojú. "Wọ́n ti gbé ẹrù ìdána lọ, Hàwáù. Ká ní o sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá kọ̀."

"Mo ti sọ ọ́ báyìí. Má lọ."

Ọ̀kadà sémìjàn tó pè ń fun fèrè nísàlẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá ké sí mi láti yàrá kejì, ó ní ṣé kò sí ìṣòro kankan.

Mo ní kò sí.