Fíìmù Tí Kò Pariwo

Àǹtí Ẹ̀gbin ni wọ́n ń pè é ní ilé sinimá tó ti ń gbálẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe kúrò? Abẹ́ àga ni wọ́n ń lẹ ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ tán mọ́, òun ló ń fi èékánná họ ọ́. Itọ́ ńkọ́? Ìlédìí ọmọ ńkọ́? Fíìmù pàápàá ń rí i lára: ìfọ́tí ṣáá, ẹ̀jẹ̀ ṣáá, àwọn èrò á sì máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ènìyàn mẹ́rin péré ló wọlé. Àǹtí Ẹ̀gbin jókòó sẹ́yìn, ó ń dúró kí fíìmù tán. Bàbá arúgbó kan ló wà nínú fíìmù náà, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń wẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn àìsàn. Ìró omi nìkan lèèyàn ń gbọ́. Bàbá kọjú sí ògiri.

"Ṣé mò ń rùn?"

"Ẹ ń rùn, Bàbá. Ẹ gbé apá sókè."

Lójijì, ọmọ náà sáré jáde, ó bì, ó fi omi fọ ẹnu, ó sì padà wọlé wá mú kànìnkànìn. Àǹtí Ẹ̀gbin gbàgbé ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan pòṣé níwájú. "Ìranù wo rèé?" Ó da gúgúrú sílẹ̀, ó dìde.

"Ọ̀bùn!" Àǹtí Ẹ̀gbin jágbe mọ́ ọn. "Bó o bá ń lọ, máa lọ, kó o pa ẹnu dé!"

Nígbà tí fíìmù tán, ẹni tó ń tan fíìmù sọ̀ kalẹ̀. "Àǹtí, ẹ ò tíì gbálẹ̀?"

"Ṣé ẹ máa tún fi í hàn lọ́la?"

"Rárá o. Ọ̀gá ní kò pe èrò. Fíìmù oníjà la fẹ́ gbé síbẹ̀."

Inú bí i dé góńgó. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi fóònù pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó dá nìkan tọ́jú ìyá wọn títí ìyá fi kú.

"Ìgbà tí mo sọ pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n dúró ti Màámi, irọ́ ni mo pa. Òórùn àìsàn wọn ló lé mi. Mo kórìíra òórùn náà, mo sì kórìíra ara mi."

Àbúrò rẹ̀ fèsì. "Mo mọ̀, Àǹtí mi. Èmi náà máa ń bì lẹ́yìnkùlé. Mi ò lẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ni."

"Ó yá, sọ ọ́ fún mi."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ń rí i lára.