Ìyẹ̀fun Tí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ẹ̀yìn mi yìí ni ọ̀gá panápaná wa máa ń tọ̀ sí nígbà tó wà ní kékeré. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, àbíkẹ́yìn ilé wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí tó fi rìn, èmi náà ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Lónìí, òun ló ń pàṣẹ ní àgọ́ tí èmi ti ń wa ọkọ̀ panápaná, tí mo sì ń mójú tó pọ́ǹpù. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bó ṣe rí lára mi. Nílé, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Níbi iṣẹ́, "ẹ jọ̀ọ́" ló fi ń pàṣẹ fún mi, "ẹ jọ̀ọ́" rẹ̀ náà sì le ju igbe gbogbo ọ̀gá tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ọ̀wààrà ni wọ́n ń pè mí ní àgọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀ o, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fún mi lórúkọ. Bí mo bá dúró ti pọ́ǹpù, omi tó ń ti ẹnu rọ́bà jáde lè ṣí páànù orí ilé bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Iná tí mo bá da omi lé lórí, ó kú nìyẹn. Mi ò fọ́nnu. Ẹ bi àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ láwọ̀ pè wá. Wọ́n ní iná kọ́, pẹpẹ irin ló wó lu olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wọn, àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Sítọ́ọ̀. Nígbà tí a dé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà sáré pàdé wa pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó ọ̀pá irin dání, wọ́n fẹ́ fi hú pẹpẹ náà kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń lé wọn láti ilẹ̀ níbi tó wà.

"Ẹ má fa irin yìí o! Ẹni tó bá fà á, gbogbo wa la jọ ń lọ o!"

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, kò wọlé. Ilẹ̀ ló ń wò. Èmi náà yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Àgbá kan ti fọ́ lábẹ́ pẹpẹ, ìyẹ̀fun yẹ́lò tó wà nínú rẹ̀ sì ti dà káàkiri abẹ́ irin àti sára ṣòkòtò bàbá. Omi tó wà nínú àgbá náà ti ṣàn lọ sínú gọ́tà. Oòrùn ọ̀sán ń ta wọlé láti ojú fèrèsé ńlá kan, ó sì bà lé orí ìyẹ̀fun náà gan-an.

"Bàbá, ṣé èyí tí ẹ máa ń tọ́jú sínú omi ni?" àbúrò mi bi í.

"Òun ni, ọmọ mi. Bó bá tutù, kò ní ìjà kankan, bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò ló rí. Bó bá ti gbẹ báyìí, kò fẹ́ kí nǹkan kan fara kan òun. Eléyìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi ti ń gbẹ o."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọ̀pọ̀ ẹrù ló wà nínú sítọ́ọ̀ tí omi máa ń bà jẹ́, àmọ́ ti ìyẹ̀fun yìí yàtọ̀: omi ló so ó mọ́lẹ̀. Bó bá gbẹ, kí irin ṣáà ha á lára, tàbí kí nǹkan já lù ú, ó máa bú gbàmù, á sì gbé ilé lọ. Nítorí náà, a ò lè fa pẹpẹ, a ò lè fa bàbá, a ò sì lè fi bàtà tẹ ibẹ̀. Àfi ká kọ́kọ́ rin ín, kó tutù dénú. Omi tí a máa fi rin ín náà kò sì gbọdọ̀ le, torí omi tó bá le, ẹgba ni.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi lé gbogbo èèyàn jáde sí ẹ̀yìn géètì òde. Àwọn tó ń mú ọ̀pá irin yẹn gan-an ló kọ́kọ́ sá. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, yà fún mi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi, omi winniwinni ni mo fẹ́."

"Winniwinni báwo?"

"Bí òjò téèyàn ò ní tìtorí ẹ̀ ṣí agboòrùn."

Ojú mi korò. "Èmi? Ṣé kí n kúkú lọ mú agolo tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó wá?"

"Ọwọ́ agolo ò lè dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì gbọdọ̀ tẹ ìyẹ̀fun yẹn. Bó bá ṣe é ṣe ni, ǹ bá ti rán yín."

Mo ní ó dáa, èmi ni màá mú ẹnu rọ́bà wọlé, kí òun dúró síta. Ọmọ tí mo pọ̀n kò ní lọ dojú kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n máa wò ó.

"Ta ló wá máa mú pọ́ǹpù?" ó bi mí.

Mo wo Yára, igbákejì mi. Yára ni a ń pè é torí pé gbogbo nǹkan ló máa ń kánjú ṣe. Mo tún wo pọ́ǹpù. Ó ti gbó, ó sì máa ń ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kó le, ìyẹn ò ṣòro. Àmọ́ kó rọ̀, kó sì dúró lójú kan láì ta, ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ nìkan ló lè ṣe é.

"Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu," àbúrò mi wí. "Bó bá fi lè ta nígbà tí mo bá wà nínú ilé, ó parí nìyẹn. Ọwọ́ yín ni mo wà. Màá pa rédíò ọwọ́ mi, kó má bàa ṣáná sí ìyẹ̀fun yẹn. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ mi, ẹ má fi kún un. Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa rí kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹni tó mú ẹnu rọ́bà bá dákẹ́, ohun tó túmọ̀ sí ni pé omi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olùmú pọ́ǹpù kì í béèrè, ṣe ló máa fi kún un. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́.

Ó wọlé. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹnu rọ́bà síwájú. Láti ibi tí mo dúró sí lẹ́yìn ògiri, mi ò rí i mọ́. Rọ́bà nìkan ni mò ń rí, ó rọ̀ sílẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn géètì ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ń pariwo pé, "Ṣé omi tí ẹ gbé wá náà nìyẹn?" Ìtìjú bò mí, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohùn Bàbá Sítọ́ọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, òun àti àbúrò mi ń tàkúrọ̀sọ, ìyẹn sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó yá, ohùn náà dákẹ́.

Mo dẹtí sílẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú, mi ò sì lè nù ún.

"Omi ò dé ibẹ̀ mọ́!" Yára wí. "Ẹ fi kún un, Ọ̀wààrà! Ẹ fi kún un!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

"Àbí ooru ti mú wọn dákú? Ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ti dákẹ́ ni?"

Mo gbọ́. Ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Irin kékeré tí mo fi ń mú omi le tàbí kí n mú un rọ̀ wà lábẹ́ ìka mi, ìka mi sì fẹ́ tì í síwájú. Iṣẹ́ tí mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe ní kí n fi kún un. Jíjẹ́ tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ní kí n fi pọ́ǹpù sílẹ̀ kí n sá wọlé, kí n lọ fà á jáde. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, iná kankan ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló ní kí n má fi kún un. Àgbà tó bá mọ̀ ju ẹni tó wà nínú ilé lọ lè pa á láti ìta. Mo mú irin yẹn bí ẹni mú ẹyin, mo sì ń bá pọ́ǹpù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kó má dójú tì mí, kó má pa ọmọ ìyá mi.

Kò ta. Mo ń sọ fún yín, kò ta rárá.

A ò mọ̀ pé àbúrò mi ló ní kí bàbá dákẹ́. Ó ti ń wọ́ àyà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ lórí ibi tó ti tutù, kò sì fẹ́ kí bàbá máa sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa máa gbọ̀n lábẹ́ irin. Ibi tí omi kò tíì dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ibẹ̀ ló ń rin.

Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tutù látorí délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yẹ́lò dé ìgúnpá.

"Ó ti tutù dénú," ó wí. "Ẹ wọlé wá. Ẹ gbé pẹpẹ sókè gbọnrangandan, kí ẹnikẹ́ni má fà á. Bọ̀dá mi, ẹ má tíì pa omi yẹn o."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ki àpò afẹ́fẹ́ bọ abẹ́ pẹpẹ, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, irin gbéra nílẹ̀, bàbá sì jáde. Wọ́n gé ṣòkòtò rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sínú omi. Ìyẹ̀fun yòókù, a ò fọwọ́ kàn án. Aṣọ tútù la dà bò ó títí àwọn tó mọ̀ nípa ohun abúgbàmù fi máa dé. Bí wọ́n ṣe ń gbé bàbá kọjá níwájú mi, tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù," ó wí. "Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa fi ṣe ilẹ̀ náà."

Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́yìn géètì. A bu omi fọ ìyẹ̀fun ara àbúrò mi kúrò, ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì ń dì mọ́ ọn, kò tiẹ̀ bìkítà fún omi tó ń rin ín láṣọ. Mo ń wò wọ́n láti ìdí pọ́ǹpù, orí mi sì wú débi pé akoto fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ pé mò ń fọ́nnu. Ọmọ ìyá mi nìyẹn!

Fóònù mi dún. Màmá wa ni. Ta ló ti sọ fún wọn, mi ò mọ̀. Ìròyìn kì í wọ bàtà kó tó dé ọ̀dọ̀ Màmá.

"Wọ́n ní nǹkan fẹ́ bú mọ́ àbúrò ẹ lára?"

"Ara ẹ̀ le, Màmá. Mò ń wò ó báyìí."

"O wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ni ìwọ wá ṣe?"

Màmá mọ̀ mí. Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá bi mí ní irú ìbéèrè yẹn, kí wọ́n fìdí kalẹ̀ ni, torí ìròyìn iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í tán bọ̀rọ̀. Mo wo ọwọ́ mi kan tó ṣì wà lára pọ́ǹpù, tí omi ń ṣẹ́ winniwinni.

"Ohun tó ní kí n ṣe ni mo ṣe, Màmá."



"Ìwọ?"

"Èmi, Màmá."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Gbé fóònù fún ọ̀gá ẹ," Màmá wí, "kí n kí i."

Mo na fóònù sókè lójú gbogbo èèyàn, mo sì pariwo láti ìdí pọ́ǹpù pé, "Ọ̀gá! Màmá wa ló ń pè."