Ẹran Tí Kò Dé Ìkẹ́rẹ́

Nígbà tí Bánkọ́lé kú, òbúkọ Dáraọlá ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó ṣì ń ké láràárọ̀ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá, Dáraọlá sì ń gbé e lọ: èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, èérí àgbàdo, àti ewé ìyeyè tó ń já lọ́nà ilé ìwé. Ojú ọmọ náà gbẹ. Àwọn obìnrin Igbara-Odò tó ń wá bá wọn kẹ́dùn a máa wò ó tìyanu-tìyanu, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí mà le o," wọ́n á sì máa bá ẹkún tiwọn lọ. Kò le rárá. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi òwú dí i létí, tí ohun gbogbo ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ wá bá a.

Àìsàn tó pa bàbá rẹ̀ kò pẹ́ lára rẹ̀. Ó ti oko kòkó dé nírọ̀lẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní kí Felicia ìyàwó òun gbé omi kaná kí òun lè wẹ̀. Kí omi tó gbóná, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé e lọ sí mọ́ṣúárì. Nígbà tí Dáraọlá padà délé, òun ló da omi náà nù, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi ìkòkò ọ̀hún dáná fún àwọn tó ti ń dé.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé ló mú òbúkọ yẹn wá. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkọ́lá, olùkọ́ wọn, ló dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ọ̀dọ́ sílẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú òbúkọ kékeré kan tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, á bọ́ ọ, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, títí di ọjọ́ tí gbogbo wọn máa kó ẹran lọ sí Ìkẹ́rẹ́, níbi tí adájọ́ á ti yan èyí tó dára jù, tí àwọn oníṣòwò ẹran á sì rà wọ́n. Bánkọ́lé ló bá ọmọ rẹ̀ yan òbúkọ náà láàrin àwọn ọmọ ewúrẹ́ ilé. Òun ló kan ilé onípákó fún un, tó gbé e ga sókè kí ìtọ̀ má baà máa jẹ ẹran náà lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á ṣe ara rẹ̀ bí adájọ́, Dáraọlá á sì mú ẹran náà kọjá níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá dúró, Bánkọ́lé á dìde, á yí wọn ká, á fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn òbúkọ náà.

"Hùn-ùn. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró dáadáa. Ẹran yìí ò burú. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni, sà."

"Sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́."

"Èmi ni, sà!"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìdílé mú fún ìsìnkú. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Sátidé, ni wọ́n ń retí wọn ní Ìkẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n ń mú ọjọ́, Dáraọlá náà kò sì sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú náà, Fámúrewá, ẹ̀gbọ́n Bánkọ́lé, pe Dáraọlá wọ pálọ̀. Felicia wà ní igun kan nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Dára, jókòó." Fámúrewá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí itan. "Àlejò á kún ulé yìí. Uṣu wà. Ẹran tí a rà ni kò ní í tó. Àwọn àna wa ń ti Òmùò bọ̀, ẹgbẹ́ bàbá rẹ ń bọ̀, ìjọ ń bọ̀." Ó kọjú sí i. "Mo mọ̀ pé tìrẹ ni òbúkọ yẹn. Mo sì mọ ohun tí o tìtorí rẹ̀ ń sìn ín. Bí o bá ní rárá, mi ò ní bínú. N ó wá ọgbọ́n mìíràn dá."

Dáraọlá dúró de ohun tó yẹ kó dùn ún nínú ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó dùn ún.

"Ẹ mú un, Bàbá."

"Ṣé ó ti inú rẹ wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Felicia gbójú sókè, ó wò ó, ó tún tẹjú mọ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, àwọn ọkùnrin gbẹ́ ihò tí ẹ̀jẹ̀ ẹran máa ṣàn sí sẹ́yìn ilé, wọ́n pọ́n ọ̀bẹ. Fámúrewá fúnra rẹ̀ lọ tú òbúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹran náà kọ̀ fún un. Ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ó ń ké, bí wọ́n ti ń fà á ni okùn ń há a lọ́rùn. Dáraọlá ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lọ́wọ́ níwájú ilé. Ó gbé atẹ́ sílẹ̀, ó lọ bá wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n mú un wá."

Ó di okùn mú lábẹ́ àgbọ̀n ẹran náà, bí wọ́n ti kọ́ wọn. Òbúkọ náà dákẹ́. Ó ń bá a rìn lẹ́bàá orúnkún, láìfà, láìjà, títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ ihò. Nígbà tí Dáraọlá dúró, òun náà dúró. Ó to ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹsẹ̀ tábìlì, ó gbé orí sókè, ó sì ń retí.

"Ẹ wo ẹran!" Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Dáraọlá na okùn sí wọn, ó padà síwájú ilé, ó gbé atẹ́ ìrẹsì rẹ̀ sórí itan. Òkúta ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Wọ́n sin Bánkọ́lé lọ́jọ́ Jímọ̀. Pásítọ̀ wàásù, wọ́n kọrin, wọ́n da erùpẹ̀. Dáraọlá da tirẹ̀, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ó bá wọn pín oúnjẹ fún àlejò. Obìnrin àgbà kan láàrin àwọn ará Òmùò dá a dúró.

"Ọmọ mi, ẹran yìí mà lọ́ràá o. Níbo lẹ ti rà á?"

"Ilé ni wọ́n ti sìn ín, mà."

"Ẹni tó sìn ín kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, mà." Ó gba àwo tó ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó wẹ̀, ó wọ bùláòsì aláwọ̀ ewé tí ẹgbẹ́ wọn dá. Àwọn àlejò tó sùn mọ́jú ṣì wà lórí ẹní. Felicia ti wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ kúlà.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ìkẹ́rẹ́."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, màámi."

Felicia gbé kúlà náà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó wọlé, ó sì di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú ọ̀rá fún un. "Jẹ ẹ́ o. Láti àná mi ò rí i kí o fẹnu kan nǹkan."

Pápá kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ṣe ìdíje ẹran náà, lábẹ́ àpáta. Wọ́n ta kánópì, wọ́n fi okùn yí ibi tí ẹran máa ti rìn ká, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń pariwo. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkọ́lá rí i, ó yára wá bá a.

"Dáraọlá, kú ọ̀rọ̀ bàbá. Èé ti rí? A ò retí rẹ."

"Mo kàn wá ni, sà."

Ó fẹ́ sọ nǹkan sí i, ariwo ẹkún ni kò jẹ́. Ẹniolúwa ni, ọmọ tíṣà kan tó máa ń jókòó ti Dáraọlá ní kíláàsì. Òbúkọ rẹ̀ ti fi àyà lélẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó ń fà á, ó ń sunkún.

"Dára, kò fẹ́ dìde! Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pè wá, kò sì fẹ́ dìde!"

Dáraọlá gbé ọ̀rá oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹran náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tó ṣe, ẹran náà dìde. Ó fa okùn lé Ẹniolúwa lọ́wọ́, ẹran náà tún lọ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkọ́lá wo àwọn méjèèjì, ó lọ sídìí tábìlì àwọn adájọ́, ó padà wá.

"Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ kan náà lè bá a mú un. Dáraọlá, wọlé."

Ó wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ náà máa ṣe é. Adájọ́ náà, Dókítà Ìbídàpọ̀, jẹ́ obìnrin tó ń tọ́jú ẹran fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà. Bàtà òjò ló wọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn òbúkọ náà, ó wá egungun ìhà rẹ̀ kàn.

"Kí lo fi ń bọ́ ọ?"

"Èèpo ẹ̀gẹ́, mà, èérí àgbàdo, ewé ìyeyè." Ó wo òbúkọ náà. "Ẹ má bínú, mà. Ohun tí mo fi bọ́ tèmi ni mo ń sọ. Ẹni tó ni èyí wà lóhùn-ún yẹn."

"Tìrẹ dà?"

"A ti jẹ ẹ́, mà. Níbi ìsìnkú bàbá mi, lánàá."

Ọwọ́ obìnrin náà ṣì wà lẹ́yìn ẹran. Gbogbo èèyàn ló ti ń sọ fún Dáraọlá pé pẹ̀lẹ́, ó sì ti múra láti dáhùn. Obìnrin yìí kò sọ ọ́.

"Báwo ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí?"

Dáraọlá ronú. Ó tẹ́ ọwọ́ lé ẹ̀yìn òbúkọ tó wà níwájú wọn, ó wá ya àwọn ìka rẹ̀ sí i. "Ó fẹ̀ ju èyí lọ. Títí dé ibí. Bẹ́ ẹ bá ń wá egungun rẹ̀, ẹ ò ní tètè rí i."

"Itan ńkọ́?"

"Ó kún, mà. Ó kún wá sísàlẹ̀."

"Ṣé ó ń rìn?"

"Ó ń rìn dáadáa, mà. Kò sí ibi tí mo lọ tí kò ní bá mi lọ."

Dókítà Ìbídàpọ̀ mi orí. "Ẹran gidi nìyẹn," ó ní, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ tó kàn. Ọwọ́ Dáraọlá ṣì wà ní yíyà lókè fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí gbé e sílẹ̀.

Òbúkọ Ẹniolúwa ṣe ipò kẹta. Ẹniolúwa fẹ́ fi rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fún un sí Dáraọlá láyà, Dáraọlá kọ̀, ó ní òun kọ́ ló sìn ín. Àwọn oníṣòwò dé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ra ẹran náà. Ẹniolúwa dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ṣé wọ́n máa pa á ni?"

"Wọ́n máa pa á."

"Báwo lo ṣe ṣe tìrẹ?"

"Mo mú un lọ bá wọn ni."

Ẹniolúwa sunkún títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Dáraọlá ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó mọ iṣẹ́ kan tí òun kò mọ̀. Ó gbìyànjú láti ṣe é, ó pa ojú dé, ó fún ọ̀fun pọ̀. Kò wá. Nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ máa lọ, ó gba okùn lọ́wọ́ Ẹniolúwa, ó sì fà á lé oníṣòwò náà lọ́wọ́. Ó wọ takisí padà sílé.

Nígbà tí àlejò fi máa túká tán, ọjọ́ Mọ́ńdè ti dé. Fámúrewá ní ewúrẹ́ òun kan máa tó bí, pé kí Dáraọlá wá yan ọmọ tó bá wù ú níbẹ̀. Dáraọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á rò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun àti Felicia lọ sí oko, nítorí pé kòkó ti pọ́n, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Òmíràn ti dúdú lórí igi. Wọ́n já èyí tó ṣì dára, wọ́n kó o jọ, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń fọ́ ọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ lọ títí. Nígbà tó yá, Felicia ní, "Ìkẹ́rẹ́ tí o lọ, o ò sọ bó ṣe rí fún mi."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, màámi."

"Sọ èyí tó wà."

Dáraọlá bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé fún tíṣà. Ó sọ nípa pápá náà àti ariwo ẹ̀rọ, ó sọ bí ẹran Ẹniolúwa ṣe lọ sílẹ̀. Ó sọ ti obìnrin oníbàtà òjò, ohun tó béèrè, àti ohun tí òun fi dá a lóhùn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó báyẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Omi kòkó ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó wòkè, ó rí i pé ìyá rẹ̀ kò fọ́ kòkó mọ́.

"Ṣé kí n dákẹ́ ni?"

"Rárá o." Felicia mú kòkó mìíràn, ó gbá a mọ́ òkúta, ó là á. "Máa sọ ọ́ lọ. Mò ń gbọ́."